Ìdí tí ọ̀gá fi ń ra sọ́fítíwià sítọ́ọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ò sì lò ó

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Mo rí ẹnì kan tó kọ ọ́ síbí pé àwọn oníṣòwò wa ò fẹ́ràn ìmọ̀ ẹ̀rọ, pé ìdí nìyẹn tí sítọ́ọ̀ wọn fi rí wúruwùru. Mo fẹ́ fèsì lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, àfi bí èsì mi ṣe ń gùn jù, ni mo bá gbé e wá síbí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò, mo ṣiṣẹ́ oṣù mọ́kànlá ní sítọ́ọ̀ ńlá kan ní Ìsọlọ̀, l'Ékòó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

2. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: sọ́fítíwià sítọ́ọ̀ kì í ṣe Excel, kì í sì í ṣe áàpù tí wọ́n fi ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mọ ọjà tó wọlé, ibi tí wọ́n tò ó sí, iye tó ṣẹ́kù, èyí tí ọjọ́ ẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá kí wọ́n lè kọ́kọ́ gbé e jáde, àti ẹni tó gbé e. Bí kọ́sítọ́mà bá pè pé òun fẹ́ àádọ́ta páálí, ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì á ti mọ̀ bóyá ó wà, láìrán ọmọ lọ kà á. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan gidi ni. Mi ò bá a jà.

3. Tí ẹ bá bi àwọn ọ̀gá pé kí ló dé tí wọn ò lò ó, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa kà fún yín: iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, owó. Òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Ní 2024 nìkan, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́, ni ẹ̀rọ tó ń pín iná káàkiri Nàìjíríà dá wó tí gbogbo ìlú ṣókùnkùn. Ní Oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já lẹ́bàá Ivory Coast, iṣẹ́ báńkì àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì dà rú níbí. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní rọ̀ mọ́ ìwé àti bírò ẹ̀?

4. Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià yìí, dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó oṣooṣù wọn. Ẹ jẹ́ ká fi 40 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ. Ṣáájú Oṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní báńkì, owó yẹn jẹ́ 18,400 náírà. Nínú 2024, nígbà tí dọ́là kan dé 1,500 náírà, ó ti di 60,000. Sọ́fítíwià ò yí padà o. Sítọ́ọ̀ ò fẹ̀ sí i. Ọ̀gá tó bá ní òun ò san mọ́, mi ò lè bá a wí.

5. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀gá kan náà yìí, pẹ̀lú iná kan náà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ń lo POS. Orí WhatsApp ló ti ń gba ọ́dà. Níbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó náírà wọ́n bí ojú, àwọn ìyá aláta tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn ò mọ fóònù tẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba tíráńsífà kíá. Kò sẹ́ni tó háyà gbọ̀ngàn láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Èèyàn tó bá rí i pé nǹkan ń gbe òun, á wá iná ẹ̀, á wá dátà ẹ̀. Nítorí náà, iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti owó wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn nìkan kọ́.

6. Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Fred Davis, kọ ọ́ ní 1989 pé ohun méjì ló máa ń pinnu bóyá èèyàn á gba ẹ̀rọ tuntun lò níbi iṣẹ́: bóyá ó gbà pé á ran iṣẹ́ òun lọ́wọ́, àti bóyá ó gbà pé kò ní nira fún òun láti lò. Mo fara mọ́ ọn. Ìbéèrè tèmi ni pé: iṣẹ́ ta ló ń ràn lọ́wọ́? Torí ní sítọ́ọ̀, ọ̀gá ló ń ra sọ́fítíwià, sítọ́ọ̀kípà ló ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló ń jèrè ẹ̀, tí sítọ́ọ̀kípà nìkan sì ń jìyà ẹ̀, kò lè tọ́jọ́.

7. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí níbi tí mo wà. Bísíkíìtì, ọṣẹ, mílíìkì, tòmátò alágolo, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀, tí wọ́n sì ń tà fún àwọn alátùntà. Sítọ́ọ̀kípà wọn ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní ìwé gígùn kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti fà ya, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Gbogbo ohun tó wọlé, gbogbo ohun tó jáde, ibẹ̀ ló wà. Tí iná bá lọ, Bàbá lè wọnú òkùnkùn lọ gbé páálí tí ẹ béèrè láìṣi ẹsẹ̀ gbé.

8. Ọ̀gá wa, Àlájà, ra sọ́fítíwià. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ torí ẹ̀, ni àwọn alábàárù bá sọ mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Àwọn tó tà á fún wa wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ọ́fíìsì òkè tó ní éèsì, lédè Òyìnbó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n bi wá bóyá a ní ìbéèrè, wọ́n kan mi orí. Mo rò pé ó ti yé wọn. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀ sí i ni mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àgbà tó bá mi orí ló gbà.

9. Èmi ni mo tẹ gbogbo ọjà sínú ẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta: orúkọ ọjà, ìwọ̀n ẹ̀, iye tó wà nínú páálí kan. Àtẹ iye owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa ni mo ń wò tẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ̀kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀. Mi ò tú páálí kankan. Mi ò sì béèrè ìwé Bàbá wò, torí lójú tèmi nígbà náà, ìwé yẹn gan-an ni wàhálà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pé kí n wá yanjú.

10. Bísíkíìtì kan wà, páàkì 12 ló máa ń wà nínú páálí ẹ̀. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe ń wọ́n nígbà yẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń dín ọjà kù tí wọn ò kéde ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn sọ ọ́ di 10. Páálí ò yàtọ̀, àwọ̀ ò yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹrù yẹn wọlé, Bàbá gbé ọ̀kan, wọ́n gbé e sókè sódò, wọ́n ní, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, páálí yìí fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o." Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní, "Ẹ má dà á láàmú, Bàbá, ó ti wà nínú sístẹ́ẹ̀mù."

11. Páálí 45 ló wọlé. Ní ti sọ́fítíwià, 45 lọ́nà 12, páàkì 540. Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an ni 45 lọ́nà 10, páàkì 450. A sì máa ń tú bísíkíìtì yẹn tà ní páàkì páàkì fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kékeré. Nígbà tí a kà á níparí oṣù, ọjà ṣọ́ọ̀tì, páàkì 90. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni páàkì kan. Sọ́fítíwià gbé e jáde ní àwọ̀ pupa, pẹ̀lú orúkọ Bàbá lábẹ́ ẹ̀: 90,000 náírà.

12. Wọ́n ní kí Bàbá san án láàárín oṣù mẹ́ta, 30,000 lóṣooṣù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù wọn. Bàbá ṣàlàyé títí. Àlájà ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà ló máa wá purọ́ mọ́ yín ni?" Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Níparí oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ gé owó yẹn, Bàbá wá bá mi níkọ̀kọ̀ pé kí n yá àwọn lówó ọkọ̀. Mo yá wọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi.

13. Oṣù kejì ti wọ̀ kí n tó mọ̀. Ẹrù bísíkíìtì mìíràn wọlé, páálí kan ya ní ojú mi, mo sì kà á: mẹ́wàá. Ara mi tutù. Mo lọ bá Bàbá, mo ní kí wọ́n jẹ́ n wo ìwé wọn. Wọ́n ṣí i sí ọjọ́ tí ẹrù àkọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀, gàdàgbà: "45, mẹ́wàá mẹ́wàá." Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kò sẹ́ni tó béèrè.

14. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùnúnlẹ̀. Èmi ni mo tẹ 12 yẹn. Mo lọ sọ fún Àlájà, mo sì sọ fún Bàbá. Àlájà dá owó padà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti dá a padà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti pè é ní ṣọ́ọ̀tì. Ohun tí Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi: "Ọmọ mi, ìwé tèmi, tí mo bá ṣe àṣìṣe, mo lè fa igi lé e. Tiyín yìí, èmi ló ń fa igi lé."

15. Láti ọjọ́ yẹn ni sọ́fítíwià yẹn ti kú, kó tó di pé owó ẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ o. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀. Tí ọjà bá lé, wọn á gbé e pamọ́ sí igun kan de ọjọ́ tó bá máa ṣọ́ọ̀tì. Lókè, Àlájà ń wo àwòrán aláwọ̀ ewé tó ń dán. Nísàlẹ̀, ọjà gidi wà nínú ìwé Bàbá. Nígbà tí àkókò àtisanwó tún tó, wọ́n ní dọ́là ti wọ́n jù. Gbogbo èèyàn gbà pé dọ́là ló pa á.

16. Ẹ má sọ pé torí pé Nàìjíríà ni. Target, ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, wọ Kánádà ní 2013. Ní Oṣù Kìíní 2015 wọ́n kéde pé àwọn máa ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù 133 tí wọ́n ní níbẹ̀ pa. Ara ohun tó fà á ni pé àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sínú sístẹ́ẹ̀mù wọn ò tọ̀nà, títí kan ìwọ̀n ọjà àti iye tó wà nínú páálí kan. Ilé ìkẹ́rùsí kún dẹ́múdẹ́mú, pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Iná ò lọ ní Kánádà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò já. Nọ́ńbà inú páálí, irú ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi náà ṣẹ̀ ní Ìsọlọ̀.

17. Hershey, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì, náà jìyà tiwọn ní 1999. Wọ́n kánjú tan sístẹ́ẹ̀mù tuntun nígbà tí ọjà ń yá jù lọ lọ́dún. Ọ́dà tó tó nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là ni wọn ò lè kó dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́mà, bẹ́ẹ̀ ṣokoléètì wà nílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá ń rò ó pé kí òun gbé sọ́fítíwià wọlé nínú Oṣù Kejìlá tí ọjà Kérésì ń wọ́ tìrítìrí, jọ̀ọ́, ẹ dúró kí ọdún yí.

18. Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ ká sọ. Àwọn náà ò fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà lákọsílẹ̀. Àlájà á ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé mílíìkì páálí márùn-ún sínú mọ́tò àwọn, ìkómọ wà nílé ẹ̀gbọ́n wọn. Kò sí ìwé. Sítọ́ọ̀kípà wo ló máa sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé, "Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lù ú"? Nínú ìwé Bàbá, wọ́n lè kọ ọ́ pé "Àlájà, ìkómọ." Nínú sọ́fítíwià, kò sí àyè fún ìkómọ. Ṣọ́ọ̀tì ló máa pè é.

19. Ọ̀rọ̀ èdè náà ńkọ́? Mi ò sọ pé ó dìgbà tí wọ́n bá kọ gbogbo ẹ̀ lédè Yorùbá. Àwọn alábàárù wa mọ nọ́ńbà ju èmi lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ tí ọjà ń jẹ́ nínú sọ́fítíwià kọ́ ló ń jẹ́ nílẹ̀. Ọṣẹ tí sọ́fítíwià fún ní orúkọ gígùn pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́jọ lẹ́yìn, "aláwọ̀ ewé kékeré" ló ń jẹ́ lẹ́nu gbogbo ọjà. Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà láti fi "aláwọ̀ ewé kékeré" kún un? Kò ju méjì lọ. Mi ò ṣe é, torí kò sẹ́ni tó ní kí n bá àwọn tó ń gbé ẹrù sọ̀rọ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

20. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, á ní, "Àwọn sítọ́ọ̀kípà ń jalè, o ò mọ̀ ni?" Mo mọ̀. Mo ti rí ẹni tó fi páálí òfìfo sí àárín àwọn tó kún. Mo mọ ọ̀gá tí ọmọ ìyá ẹ̀ gan-an kó sítọ́ọ̀ ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé mímú olè ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ gbé fún sọ́fítíwià, olè gidi á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tàn án, ẹni tí kò jalè á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún un. Ta ló wá kù tó máa tẹ òótọ́ sínú ẹ̀?

21. Kí ni mo fẹ́ kí ọ̀gá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé àti sọ́fítíwià jọ rìn fún oṣù mẹ́ta. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ má gé kọ́bọ̀ lára owó ẹnikẹ́ni torí ohun tí sọ́fítíwià sọ. Ẹ kéde ẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Lásìkò yẹn, tí ìwé àti kọ̀ǹpútà ò bá bára mu, inú gbogbo yín á dùn, torí ẹ ti rí àṣìṣe kan kó tó bí ọmọ.

22. Ìkejì, kí ẹ tó béèrè pé "ta ló kó o?", ẹ kọ́kọ́ béèrè pé "ṣé nọ́ńbà wa tọ̀nà?" Ẹ tú páálí kan, ẹ kà á. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n gé owó Bàbá ká ní a lò ó. Ìkẹta, ohun tí ọ̀gá bá gbé, kí òun náà tẹ̀ ẹ́ tàbí kó rán ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá rí i pé sọ́fítíwià mọ orúkọ ọ̀gá náà, wọn ò ní rí i bí ọlọ́pàá mọ́.

23. Ìkẹrin, inú sítọ́ọ̀ ni kí ẹ ti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, lórí ìdúró, nídìí páálí, lédè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kó sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló máa ṣáájú. Ẹ fi ohun tó máa rọ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kó máa sọ páálí tí ọjọ́ ẹ̀ fẹ́ kọjá fún wọn, kí wọ́n yé dojú páálí irínwó bolẹ̀ láti wá mẹ́ta. Ọjọ́ tí Bàbá bá rí i pé ẹ̀rọ yìí gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀yìn ríro, àwọn gan-an ló máa bínú tí iná bá lọ.

24. Ìkarùn-ún, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, kó wá fi ránṣẹ́ tó bá dé? Ṣé náírà ni màá máa fi san án? Tí mo bá fẹ́ kúrò lọ́la, ṣé màá lè kó àkọsílẹ̀ mi lọ? Ẹ má jẹ́ kí ọ̀fẹ́ tàn yín náà. Odoo ní ẹ̀dà kan tí wọn kì í gbowó lé, ó sì dáa, àmọ́ ẹ máa sanwó fún ẹni tó máa tò ó àti ibi tó máa wà. Kò sí èyí tí kò ní náni ní nǹkan.

25. Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí, Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa ń pè mí tí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣì ń pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì rí ìgboyà béèrè ohun tí wọn ò lè rà nílé ní oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ gé owó yẹn. Tí ẹ bá mọ ọ̀gá kan tó fẹ́ ra sọ́fítíwià sítọ́ọ̀ lóṣù yìí, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ náà, ẹ sọ tiyín lábẹ́ ibí. Ṣé wọ́n ti gé owó yín rí torí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ? Ta ló tú páálí?